Láti Agbo Àlọ́ Dé Inú Ìwé: Ìtàn Igbó Tí Ẹranko Ti Ń Fọhùn

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe inú ìwé ni ọmọdé ti kọ́kọ́ wọ igbó tí ẹranko ti ń fọhùn. Orí ẹní ni ó ti wọ̀ ọ́, lẹ́bàá àgbàlagbà kan tí ó ti ṣíwọ́ iṣẹ́ òòjọ́. Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ pé Ìjàpá a máa purọ́, pé Ajá fi ìyá rẹ̀ pamọ́ nígbà ìyàn, pé igi ìrókò a máa gbọ́ ẹ̀jẹ́ tí ènìyàn bá jẹ́, a sì máa béèrè rẹ̀ nígbà tí àkókò bá tó. Nígbà tí ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, ọmọ Yorùbá tí ó bá ṣí i kò bá àjèjì pàdé níbẹ̀. Igbó tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ọ̀nà tí ó gbà wọ inú rẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀.

Ọ̀nà tuntun yìí ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò. Ìbéèrè tí ó fẹ́ dáhùn kò sì ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí igbó náà kúrò lágbo àlọ́ tí ó wọ inú ìwé, kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ohùn ọmọdé tí ó máa ń gbe orin rẹ̀? Ìbéèrè kékeré kọ́ ni èyí, nítorí lágbo àlọ́ ọmọdé kì í ṣe olùgbọ́ lásán. Bí ohùn rẹ̀ bá sọnù lójú ọ̀nà, ìdajì àlọ́ ni ó sọnù.

Igbó Inú Àlọ́

Oríṣi àlọ́ méjì ni àwọn Yorùbá ní. Àlọ́ àpamọ̀ ni èyí tí a fi ń dán ọpọlọ wò: a ó fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣe àpèjúwe nǹkan kan, àwọn ọmọ yóò sì máa wá ohun tí ó jẹ́. Àlọ́ àpagbè ni èyí tí ó ní ìtàn àti orin. Àpamọ̀ ni ó sábà máa ń ṣíwájú, nítorí òun ni ó ń la ọmọdé lójú kí oorun má baà gbé e lọ. Alẹ́ ni a ń pa méjèèjì. Pípa àlọ́ lọ́sàn-án jẹ́ èèwọ̀, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé ni ó ni ọ̀sán.

Bí apàlọ́ bá ké “Ààlọ́ o!”, àwọn ọmọ yóò dáhùn pé “Ààlọ̀!” Bí wọn kò bá dáhùn, kò ní í bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí a ń pe irú àlọ́ yìí gan-an ti fi ibi tí agbára rẹ̀ wà hàn: àpagbè ni, èyí tí ẹnì kan pa tí àwọn mìíràn sì gbè. Apàlọ́ ni ó ni ìtàn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ni wọ́n ni ègbè. Apàlọ́ tí ọmọ kò gbè lẹ́yìn rẹ̀ dà bí onílù tí kò rí oníjó.

Ẹ jẹ́ kí a fi àlọ́ Ìjàpá àti àṣèjẹ ṣe àpẹẹrẹ. Yánníbo, aya Ìjàpá, kò rí ọmọ bí. Ìjàpá tọ babaláwo lọ. Babaláwo se àṣèjẹ fún un, ó sì kìlọ̀ fún un gidigidi pé kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Lójú ọ̀nà, òórùn ọbẹ̀ borí ìkìlọ̀. Ìjàpá jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó padà tọ babaláwo lọ pẹ̀lú orin ẹ̀bẹ̀. Nínú orin yìí ni Ìjàpá ti jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe, àwọn ọmọ ni wọ́n sì ń bá a gbe ìjẹ́wọ́ náà. Kò sí ẹni tí ó dúró lókè téńté tí ó ń sọ fún ọmọ pé ọ̀kánjúwà kò dára. Ọmọ fúnra rẹ̀ ti wọ inú ìkarahun Ìjàpá, ó ti fi ẹnu Ìjàpá bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rù ti bà á, ó sì ti rẹ́rìn-ín, kí ó tó padà sórí ẹní rẹ̀ ní àlàáfíà. Ẹ̀kọ́ tí ó ti inú ọ̀fun ẹni jáde kì í tètè kúrò lọ́kàn ẹni.

Inú igbó ni ọ̀pọ̀ nínú àlọ́ wọ̀nyí ti ń ṣẹlẹ̀, kò sì yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Ní àwùjọ àtijọ́, ilé ni òfin ti múlẹ̀ jù. Oko tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn oko ni ẹgàn wà, níbi tí ó jẹ́ pé ọdẹ ni ó ń gboyà débẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣe ń jìnnà sí ilé tó ni àṣẹ ilé ṣe ń dín kù, tí agbára iwin, ọ̀rọ̀ àti egbére sì ń pọ̀ sí i. Níbi tí àṣẹ ilé kò dé, ohun tí kò ní ẹnu nílé lè ní ẹnu. Àwọn ẹranko lè pe ìpàdé, wọ́n lè fi ọ̀kan nínú wọn jọba, ìyàn sì lè mú kí wọ́n fẹnu kò láti máa pa ìyá wọn jẹ, bí ó ti rí nínú àlọ́ Ajá. Láàárín Erin, Ẹkùn àti Kìnnìún, Ìjàpá kò ní agbára kankan, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé kò ti ní láàárín àwọn àgbà agbo ilé. Ọgbọ́n nìkan ni ohun ìjà rẹ̀. Abájọ tí ọmọdé fi fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn àgbà kò fi í ṣe àwòkọ́ṣe: kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ọgbọ́n rẹ̀ ń gbà á, ìkarahun rẹ̀ tí ó rí kángunkàngun sì jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Irú àlọ́ mìíràn tún wà, èyí tí ọmọ ènìyàn fúnra rẹ̀ ti wọ igbó. Ọmọ òrukàn ni ó sábà máa ń jẹ́. Orogún ìyá rẹ̀ ni yóò rán an lọ sí ọ̀nà jíjìn nítorí ohun èlò kan tí ó sọnù tàbí tí ó fọ́. Lójú ọ̀nà ni yóò ti pàdé àwọn ẹ̀dá abàmì. Yóò kí wọn, yóò sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an. Nígbà tí ó bá kan èrè gbígbà, igbá tí ó dákẹ́ ni yóò ká, yóò fi èyí tí ń pariwo sílẹ̀; ọrọ̀ ni yóò bá nínú rẹ̀. Bí ọmọ orogún náà bá lọ ṣe bẹ́ẹ̀, ìwà tirẹ̀ yóò yàtọ̀, èrè tirẹ̀ náà yóò sì yàtọ̀. Nínú irú àlọ́ yìí, ilé ni a ti fi ìyà jẹ ọmọ, igbó ni a sì ti dá ẹjọ́ rẹ̀ ní òdodo. Ọmọ tí ó bá ń gbe orin rẹ̀ mọ̀ pé bí ilé tilẹ̀ burú, ayé kò parí síbẹ̀.

Igbó Tí Kì Í Ṣe Ti Àlọ́

Ẹni tí ó bá rò pé eré lásán ni ìbẹ̀rù inú àlọ́ wọ̀nyí kò tíì rántí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ogun tí ó bá ìdàrúdàpọ̀ ìjọba Ọ̀yọ́ Ilé rìn sọ igbó di ibi ìsádi, ó sì sọ ọ́ di ibi ìparun pẹ̀lú. Ní ọdún 1821, nígbà tí ogun kó ìlú Òṣogùn, ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí wà lára àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú. Nínú ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní ọdún 1837, nígbà tí ó ti di Samuel Crowther, ó ṣe àlàyé bí àwọn ìyá ṣe ń kó ọmọ wọn sá wọ inú igbó, tí àwọn ajagun sì ń ju okùn sí wọn lọ́rùn láti fi mú wọn. Àwọn ọmọ tí ó gbọ́ àlọ́ ọmọ òrukàn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún wọn bí ó ti rí kí ọmọ dá wà nínú igbó.

Àwọn tí a kó lọ sí òkè òkun kò rí ẹrù dì, ṣùgbọ́n wọ́n gbé àlọ́ lọ. Ní Kúbà, níbi tí a ti ń pe àwọn ọmọ Yorùbá ní Lukumí, Jicotea, ìyẹn ahun inú omi, ni ó ń hu irú ìwà àrékérekè tí Ìjàpá ń hù. Lydia Cabrera kó irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jọ láti ẹnu àwọn ọmọ Lukumí àti àwọn ènìyàn dúdú mìíràn ní Kúbà, a sì tẹ̀ wọ́n jáde ní èdè Faransé ní Paris ní ọdún 1936. Ìtàn ti di ti òyìnbó, ṣùgbọ́n nínú púpọ̀ nínú wọn orin dúró ní èdè tí àwọn baba ńlá fi gbè é. Èyí fi hàn wá pé nínú gbogbo ohun tí ó wà nínú àlọ́, ègbè ni ó máa ń pẹ́ jù kí ó tó parẹ́.

Nílé, ogun wọ̀nyí kan náà ni ó bí àwọn ìlú tuntun. Òkè-Igbó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ará Ifẹ̀ tí Dérìn Ológbèǹlá ṣáájú wọn ni wọ́n dó síbẹ̀, igbó sì wà nínú orúkọ ìlú náà títí di òní. Níbẹ̀ ni a bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà sí ní ọdún 1903, nígbà tí kò tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ tí àwọn ọmọ ogun Kírìjì tú bùdó wọn ká. Ìlú tí ó ti dàgbà jẹ́ ìlú tí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì rántí ogun, tí ẹgàn sì sún mọ́ ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀nà Tí Ó Jìn Dé Inú Ìwé

Àlọ́ kò tètè rí ọ̀nà wọ inú ìwé Yorùbá. Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843; Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859; odindi Bíbélì dé ní ọdún 1884. Láàárín àkókò yìí, ìwé ìsìn àti ìwé ìkàwé kékeré ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé. Ìtàn ìrìn-àjò kan tí ó kún fún àmì abàmì wà nínú wọn, ìyẹn ìwé ti John Bunyan nípa arìnrìn-àjò tí ń lọ sí ìlú ọ̀run, èyí tí David Hinderer túmọ̀. Ṣùgbọ́n Ìjàpá kò bá wọn wọ kíláàsì. Ilé ni ó ń gbé. Ọ̀sán jẹ́ ti ìwé, alẹ́ jẹ́ ti àlọ́.

Ó ṣe ni láàánú pé èdè àjèjì wà lára àwọn èdè tí ó kọ́kọ́ gbé àlọ́ Yorùbá sórí ìwé. A. B. Ellis, ọ̀gágun òyìnbó kan, tẹ àlọ́ díẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní London ní ọdún 1894, nínú ìwé tí ó kọ nípa àwọn Yorùbá. Kì í ṣe ọmọdé ni ó kọ ọ́ fún. Àwọn tí ó fẹ́ mọ ìṣe àwọn ará ibi jíjìn ni. Nígbà tí ìtàn àròsọ gígùn yóò sì fi jáde ní èdè Yorùbá, kò gba ọ̀nà igbó. Ìtàn Ṣẹ̀gilọlá, èyí tí Isaac B. Thomas ń kọ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní ọdún 1929 sí 1930, dá lórí obìnrin kan ní ìgboro Èkó. Àwọn àgbà tí ń ka ìwé ìròyìn ni ó wà fún. Títí di àkókò yìí, ọmọdé tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ẹranko ní láti dúró di alẹ́.

Olùkọ́ Àwọn Ọmọ Kékeré

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ Fágúnwà, a sábà máa ń rántí àgbà òǹkọ̀wé tí òwe kún ẹnu rẹ̀. A kì í tètè rántí iṣẹ́ tí ó ń ṣe nígbà tí ó kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó kàwé ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, láti ọdún 1926 dé 1929. Láti ọdún 1930 dé 1939, ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé tí ó so mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, àwọn ọmọ kékeré sì ni a fi sábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ọwọ́ olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré ni ó kọ Ògbójú Ọdẹ, èyí tí ó jáde láti ilé ìwé CMS ní Èkó ní ọdún 1938. Ẹni tí ó bá ti dúró níwájú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn láìsí ohun tí wọn yóò dáhùn, orí àga kò ní í gbà wọ́n mọ́.

Ìmọ̀ yìí hàn láti ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà. Fágúnwà fi ìtàn rẹ̀ wé ìlù àgídìgbo, ó fi ara rẹ̀ wé onílù, ó sì fi òǹkàwé wé oníjó. Lẹ́yìn náà ni ó fún oníjó ní ìlànà: bí ẹnì kan nínú ìtàn bá ń sọ̀rọ̀, kí òǹkàwé fi ara rẹ̀ sí ipò onítọ̀hún, kí ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun ni, bí ẹlòmíràn bá sì dá a lóhùn, kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti fò ìlànà yìí bí ẹni pé ọ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lásán ni. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ègbè ni. Fágúnwà mọ̀ pé ìwé kò lè dúró de ìdáhùn bí apàlọ́ ti í ṣe, nítorí náà ó gbé ègbè lé òǹkàwé lọ́wọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ohun tí ọmọ ń ṣe nígbà tí ó ń fi ẹnu Ìjàpá bẹ babaláwo ni ó ní kí ó tún máa ṣe pẹ̀lú Àkàrà-ògùn.

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó kọ́ agbo àlọ́ sínú ìwé náà gan-an. Ẹnì kan ni Àkàrà-ògùn kọ́kọ́ sọ ìtàn fún, ẹni tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó fi padà wá, àwọn ènìyàn ti gbọ́, wọ́n sì ti péjọ, èrò sì ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ní Òkè Láńgbòdó tí àwọn ọdẹ ń lọ, kì í ṣe wúrà tàbí fàdákà ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìrágbèje ni wọ́n bá, ó sì mú wọn jókòó fún ọjọ́ méje, ó ń pa ìtàn fún wọn, ó ń fún wọn ní ìmọ̀ràn. Àwọn ògbójú tí wọ́n ti bá iwin jà, tí wọ́n ti gba ìlú àwọn ẹyẹ kọjá níbi tí Ògòǹgò ti jọba, tún padà di ọmọdé tí ń gbọ́ ìtàn lẹ́sẹ̀ àgbà.

Àwọn kan yóò sọ pé ìwé ọmọdé kọ́ ni Ògbójú Ọdẹ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àgbà ọdẹ ni Àkàrà-ògùn, ìwàásù ibẹ̀ pọ̀, ikú ibẹ̀ kò sì kéré: bàbá rẹ̀ ta ẹranko kan níbọn, nígbà tí ó sì délé ni ó tó mọ̀ pé ìyàwó òun ni. Ṣùgbọ́n àlọ́ náà kò fi ikú pamọ́ fún ọmọdé rí. Yàtọ̀ sí èyí, ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé ni ìwé náà bọ́ sí, àwọn ni wọ́n kà á dé ilé fún àwọn òbí tí kò mọ̀wé. Agbáko olójú mẹ́rìndínlógún jẹ́ ohun tí ọmọdé kì í gbàgbé, bí ó tilẹ̀ gbàgbé ìwàásù.

Ohun kan wà, síbẹ̀, tí Fágúnwà kò gbé dé inú ìwé náà. Lágbo àlọ́, ọmọ òrukàn lè jẹ́ akọni. Ọmọdé a máa wọ igbó, a sì máa bọ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ, àgbà ni ó ń wọ igbó, ọba ni ó sì rán an níṣẹ́ fún àlàáfíà ìlú. Ọmọdé ṣì ní ohùn, ṣùgbọ́n kò ní ẹsẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn Ọdún 1938

Igbó tí Fágúnwà ṣí kò tètè kún. Òun fúnra rẹ̀ kọ Igbó Olódùmarè ní ọdún 1949, ó sì kọ Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní ọdún 1954. J. Ògúnsínà Ògúndélé tẹ̀ lé e pẹ̀lú Ibú Olókun àti Èjìgbèdè Lọ́nà Ìsálú Ọ̀run ní ọdún 1956. Ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí iye ọmọ tí ó wà nílé-ìwé sì fò kọjá 800,000 lọ́dún náà. Kò tíì sí ìgbà kan rí tí ọmọ tí ó lè ka èdè Yorùbá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1943 ni púpọ̀ nínú wọn fi kọ́ ìwé kíkà, Ìjàpá sì wà níbẹ̀. Ó ti wọ kíláàsì nígbẹ̀yìn, ní ọ̀sán gangan.

Ní ti ẹsẹ̀ ọmọdé tí Fágúnwà fi sílẹ̀, Amos Tutùọlá ni ó gbé e padà sínú igbó. Nínú My Life in the Bush of Ghosts, èyí tí ó jáde ní London ní ọdún 1954, ọmọ ọdún méje ni ó wọ igbó àwọn iwin. Ilé orogún ni ó ti wá, àwọn akónilẹ́rú ni ó sì ń sá fún. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ó lò níbẹ̀ kí ó tó rí ọ̀nà ilé. Ẹni tí ó bá mọ àlọ́ ọmọ òrukàn, tí ó sì rántí Òṣogùn, yóò rí i pé méjèèjì ni Tutùọlá so pọ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìtàn náà jẹ́ tiwọn kò lè kà á.

Báyìí ni ìtàn igbó pín sí méjì: ìdajì kan ní èdè ọmọ, tí ó jẹ́ ti àgbà ọdẹ, ìdajì kejì ní èdè àjèjì, tí ó jẹ́ ti ọmọ. Ọdúnjọ gbìyànjú láti tún wọn so pọ̀ nígbà tí ó kọ Kúyẹ̀ ní ọdún 1964, nípa ọmọ òrukàn tí kò lè gbọ́ràn tí kò sì lè fọhùn. Ó jẹ́ ohun ìrònú pé ọmọ tí ó padà wá gẹ́gẹ́ bí akọni nínú ìwé Yorùbá jẹ́ ọmọ tí kò ní ohùn.

Lẹ́yìn náà, àwọn òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kúrò nínú igbó. Ọdún 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù, ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ọ̀daràn. Kọ́lá Akínladé náà tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Èyí kò burú. Ìlú ní iwin tirẹ̀, ìran tuntun sì ní ohun tí ń dẹ́rù bà á. Àwọn mìíràn ń gbé igbó àtijọ́ lọ síbòmíràn: Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, Wálé Ògúnyẹmí sì sọ ọ́ di eré Láńgbòdó, èyí tí Nàìjíríà gbé lọ síwájú gbogbo àgbáyé ní FESTAC ní ọdún 1977. Ní ọdún 1973, Adébóyè Babalọlá tẹ Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde, orin àti ègbè sì wà níbẹ̀ bí a ti ń gbè é. Ó ti ye onímọ̀ náà pé ẹni tí ó bá kọ ìtàn sílẹ̀ láìkọ orin kò tíì kọ àlọ́.

Ègbè Tí Ó Ń Dákẹ́

Kò sí àní-àní pé ìwé ti gba igbó náà là. Púpọ̀ nínú ẹgàn tí àwọn ọdẹ ń wọ̀ ti di oko kòkó àti ilé. Agbo àlọ́ tú ká nígbà tí ìdílé fọ́n sí ìlú ńlá. Bí kì í bá ṣe ti Fágúnwà, Ọdúnjọ àti Babalọlá, kí ni ọmọ tí a bí sí ìgboro ìbá mọ̀ nípa igbó tí ẹranko ti ń fọhùn? Ṣùgbọ́n ìwé tí ó gbà á là náà ni ìdánwò tún mú lẹ́rú. Nígbà tí Ògbójú Ọdẹ di ìwé ìdánwò, ohun tí a ń béèrè nípa rẹ̀ ni ìwà ẹ̀dá ìtàn, ọgbọ́n ìṣọwọ́lo-èdè àti òwe mẹ́wàá pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba máàkì púpọ̀ láìtíì fi ẹnu Àkàrà-ògùn sọ gbólóhùn kan. Ìlànà tí Fágúnwà fi sí ojú ewé àkọ́kọ́ ni ìdánwò kì í béèrè.

Láti àwọn ọdún 1980, tẹlifíṣàn ìjọba àpapọ̀ gbé agbo àlọ́ padà sójú àwọn ọmọ nínú ètò Tales by Moonlight. Àgbàlagbà jókòó, àwọn ọmọ yí i ká, Ìjàpá sì tún ń purọ́. Ètò náà gbajúmọ̀, ó sì tọ́ sí i. Síbẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń sọ ìtàn náà, ọmọ tí ó jókòó nílé kò sì lè mú kí apàlọ́ dúró dè é. Agbo ti padà, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ gíláàsì.

Àwọn kan lè rò pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ìtàn tí a ti tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò fara mọ́ èrò yìí. Àwọn tí a kó lọ sí Kúbà pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò gbàgbé ègbè. Olùkọ́ kan ní Ọ̀yọ́, tí ó ní kíláàsì àwọn ọmọ kékeré àti gègé ìkọ̀wé, rí ọ̀nà gbé ègbè náà wọ inú ìwé. Ní ọdún 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odindi ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì hàn pé èdè náà gba iṣẹ́ náà. Ohun tí ó kù kò nílò owó ìjọba. Kí a ka ìwé náà sókè ní kíláàsì ni. Kí ọmọ kan jẹ́ Àkàrà-ògùn, kí òmíràn jẹ́ Agbáko, kí gbogbo kíláàsì gbe orin tí ó bá wà níbẹ̀, kí a tó béèrè ìbéèrè kankan.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà ni ó mọ ọ̀nà tí ó lọ sínú igbó, òun ni ó sì ti kọ ọ̀nà náà sílẹ̀ kí ó má baà dí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ohùn ọmọdé ni apàlọ́ máa ń dúró dè kí ó tó mú ìrìn rẹ̀ pọ̀n.